Ìyà Tí Àmínát Fi Ń Jẹ Àwọn Tó Pẹ́ Dé

Bí ẹ bá fẹ́ mọ Àmínát Àkànó, ẹ wá dúró sí géètì ilé ìwé wa ní Olódì-Àpápá láàárọ̀. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wọ híjáàbù funfun, tí kì í rẹ́rìn-ín kí aago tó lù, òun ni. Ọlọ́run ló mọ ibi tó ti rí ohùn tó fi ń pàṣẹ, nítorí bàbá rẹ̀, awakọ̀ tírélà tó wá láti Ìsẹ́yìn, kì í sọ̀rọ̀ sókè.

Òun ló ń mú àwọn tó bá pẹ́ dé, òun náà sì ni kápítẹ́nì Yẹ́lò Háòsì. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ wọn ní ìṣirò, Yẹ́lò ló máa ń gbẹ́yìn nínú máàṣì-páàsì ọjọ́ eré ìdárayá. Lọ́dún yìí, Ọ̀gbẹ́ni Fidelis, olùkọ́ eré ìdárayá, là á mọ́lẹ̀ pé bí wọ́n bá tún gbẹ́yìn, òun á pín wọn mọ́ àwọn háòsì yòókù. Kò ní sí Yẹ́lò mọ́. Àmínát sunkún lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó nu ojú tán, ó wá bá mi. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi bẹ àwọn ọ̀gá ilé ìwé, kí wọ́n má fún àwọn tó pẹ́ ní koríko gé mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa máàṣì yípo pápá."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo bá a bẹ̀ wọ́n. Bí ìyà ṣe di ìdánrawò nìyẹn. Ẹni tó ń pẹ́ jù ló wá mọ máàṣì jù. Kevwe, ọmọ Yẹ́lò tó gbọ́dọ̀ pọnmi kún ilé kó tó jáde, kò sọ́jọ́ tí kì í pẹ́. Kò pẹ́ kò jìnnà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dún bíi ti sójà.

Ọjọ́ eré pé. Háòsì tí kápítẹ́nì rẹ̀ kò bá sí kò gbọdọ̀ wọ pápá. Gbogbo ọmọ Yẹ́lò ti tò, Àmínát nìkan la ò rí. Wọ́n ti pe Rẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti pe Búlúù, kó tó sáré dé géètì, tó ń làágùn. Ó ti lọ sílé Kevwe ní Ajégúnlẹ̀ láti bá a pọnmi, kó má baà pẹ́. Kò mọ̀ pé Kevwe ti tètè pọn tirẹ̀, ó sì ti gba ọ̀nà mìíràn wá.

Kevwe fúnra rẹ̀ ló kúrò lórí ìlà lọ pàdé rẹ̀ ní géètì. "Sìníọ̀ Àmínát, ẹ ti late o. Òfin yín ni. Oya, ẹ máàṣì."

Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Àmínát ì bá jágbe mọ́ ọn. Ó kàn tún híjáàbù rẹ̀ ṣe, ó na apá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í máàṣì yípo pápá, òun nìkan, pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dé iwájú àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n bọ́ sẹ́yìn rẹ̀ láìsí ẹni tó pàṣẹ, gbogbo ẹsẹ̀ ń dún lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sẹ́ni tó tún rẹ́rìn-ín.

Ìyípo yẹn ni wọ́n kà fún wọn, ipò kejì ni wọ́n sì ṣe. Yẹ́lò ṣì wà.

Ní Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, èmi ni mo pẹ́. Àmínát wà ní géètì. "Ẹ káàárọ̀, sà," ló sọ. Mo gbé báàgì mi kọ́ èjìká, mo sì máàṣì.