Ọjọ́ tí Wọ́n Ka Ìkúnlẹ̀ Wa Mọ́ Ìbò

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọdún kẹta tí ẹgbẹ́ òṣèlú wa gba ìjọba ní Sókótó ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Àbúrò mi tó ń gbé ní Skọ́tlándì ló rán mi létí rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó pè mí pé àwọn olórí ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba lọ́hùn-ún, àwọn tó fẹ́ kí ilẹ̀ wọn dá dúró, ń fa ara wọn láṣọ ya. Mo ní kó jókòó, kí n sọ tiwa fún un. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani.

Ẹ̀ka àwa Yorùbá nínú ẹgbẹ́ náà kò ju aránṣọ, wẹ́dà, oníbúrẹ́dì àti àwọn oníṣòwò àdúgbò Gawon Nama lọ. Alhaji Sálíù ará Ìlọrin ni olórí wa, ó sì ti pẹ́ lórí àga. Igbákejì mẹ́ta ló lé láàárín ọdún kan nítorí pé wọ́n ta kò ó. Àwa tó kù pín sí méjì, a ò jọ ṣèpàdé mọ́. Nígbà tí àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ rí i pé ẹ̀ka fẹ́ tú, wọ́n ní ká tò sẹ́yìn ẹni tí a bá fẹ́ kó ṣolórí, kí wọ́n ka orí. Ìyá Múbárák, oníbúrẹ́dì ará Ògbómọ̀ṣọ́, ni àwa fẹ́, nítorí òun nìkan ló lè wo ojú Alhaji kó sọ òótọ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, ìlà rẹ̀ gùn dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé tí a ti pàdé. Ti Alhaji kò tó ìdajì rẹ̀, òun gan-an kò sì tíì dé. Inú mi ń dùn. Àfi bí Alhaji ṣe wọlé nínú babanriga funfun, tó lọ dúró níwájú ìlà tirẹ̀, tó ń wò wá.

Ta ni yóò rí àgbà tí kò ní kí i? Èmi ni mo kọ́kọ́ kúrò lórí ìlà. Alhaji ló fún mi láyè níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé máṣínnì ìránṣọ mi dé Sókótó. Mo kúnlẹ̀, àwọn ọkùnrin orí ìlà wa náà wá dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn mi. Alhaji bẹ̀rẹ̀ àdúrà, à ń ṣe àmín, akọ̀wé rẹ̀ sì ń ka orí wa mọ́ ìlà tirẹ̀. Kí a tó dìde, wọ́n ti kéde pé Alhaji ló wọlé.

“Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ìkíni la wá kí yín,” ni mo wí. “Ìlà Ìyá Múbárák la wà.”

Akọ̀wé dá mi lóhùn, “Haba, Hajiya. An gama. Ó ti parí.”

Alhaji rẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi, ṣé o ò kúnlẹ̀ níwájú mi ni?”

“Mo kúnlẹ̀, sà. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè fi ẹ̀kọ́ ilé wa jí ìbò wa.”

A padà sórí ìlà, a dúró nínú oòrùn títí wọ́n fi pe ìrun ọ̀sán. Kò sẹ́ni tó tún wa kà.

Ìyá Múbárák kò bá wa jà. Ó kàn ní, “Ẹ̀yin lẹ fi ẹsẹ̀ ara yín rìn lọ bá a.” Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó kó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, n kò sì tíì bẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ. Ó ṣì ń dùn mí. Ohun tí a rí gbà kò pọ̀: òfin ẹ̀ka wa ti sọ báyìí pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kúrò lórí ìlà lọ kí èèyàn títí kíkà yóò fi tán. Àwọn kan ní ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Kí wọ́n máa wí.

Lọ́dún yìí, wọ́n tún ti ń sọ pé àwọn àgbà ti fohùn ṣọ̀kan lórí ẹni tí yóò ṣolórí, pé ká má wulẹ̀ tò mọ́. Ta ló bi wá léèrè? Mo ti fi orúkọ ara mi sílẹ̀ fún ipò olórí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ ò bá fẹ́ mi, ẹ tò sẹ́yìn ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ jáde wá tò, ẹ má sì kúrò lórí ìlà nítorí ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ èmi.