Màmá Adéwùnmí àti Kọ́ọ̀pù Ẹnu Ọ̀nà

Bí ẹ bá dé Odò Ọjà n'Ìkẹ́rẹ́ tí ẹ béèrè Màmá Adéwùnmí, ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀pù ẹnu ọ̀nà ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún yín. Kódà ẹni tó wà l'Ákúrẹ́ lọ́jọ́ náà yóò sọ ọ́ bí ẹni pé ojú rẹ̀ ló ṣe. Bó ṣe rí gan-an nìyí.

Òjò ń rọ̀. Kátíkísì Gbádébọ̀ wá kí Màmá nítorí orúnkún tó ń dùn ún. Bó ṣe dé ẹnu ọ̀nà tó gbójú sókè, ó rí kọ́ọ̀pù oníbébà mẹ́ta, irú èyí tí wọ́n fi ń pín tíì níbi ìkórè, tí wọ́n fi òwú so rọ̀ sókè ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ti fi èédú ya ojú àti eyín sí wọn lára, atẹ́gùn sì ń yí wọn. Kátíkísì fà sẹ́yìn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá so rọ̀ báyẹn, ìbáà jẹ́ lóko, ìbáà jẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, àálè ni. Olè ni wọ́n fi ń kìlọ̀ fún. Kátíkísì dúró sínú òjò, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà, omi ń ṣàn lórí Bíbélì rẹ̀.

Màmá yọjú. "Kátíkísì, kí ló dé tí ẹ ò wọ ulé?"

"Màmá, ẹ kọ́kọ́ mú nǹkan yẹn kúrò."

"Nǹkan wo?"

"Àálè yín yìí. Ṣé inú ìjọ tiwa náà ló yẹ kí á ti máa rí irú èyí?"

Inú bí Màmá. Ìbínú rẹ̀ kì í jìnnà, ìtòsí ló máa ń wà, bí iyọ̀ tó wà lẹ́bàá ààrò. Ó ní, "Ohun tí àwọn ọmọ ọmọ mi ń ta bọ́ọ̀lù sí nínú pálọ̀ ni mo so rọ̀ kí ó lè gbẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ ní àálè ni. Àálè kì í mú ẹni tí kò jalè. Kátíkísì, kí lẹ jí?"

Títí wọ́n fi gbé ọkùnrin náà lọ sí ìjọ Òde-Èkìtì, "Kí lẹ jí?" ni àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ń sọ lábẹ́lẹ̀ bó bá ń kọjá.

Láti ìgbà tí Màmá ti kú ni àwọn kan ti ń sọ pé ìyá jẹ́jẹ́ ni, pé kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Irọ́ burúkú. Àwọn tó ń pè é ní ìyá oníkọ́ọ̀pù ìdọ̀tí nígbà tó wà láàyè ló tún wá ń sunkún lé e lórí. Màmá jà. Ó bá ewúrẹ́ jà, ó bá òjò jà, ó bá ẹgbẹ́ ìyá ìjọ jà. Bí ẹ bá gba ìbínú lọ́wọ́ òkú yẹn, kí ló ṣẹ́kù fún un?

Níbi ayẹyẹ yòówù tí wọ́n bá ti pín nǹkan mímu sínú kọ́ọ̀pù oníbébà, Màmá á dúró ti yín títí ẹ ó fi mu ún tán. Kò ní jẹ́ kí ẹ rún un mọ́wọ́, kò ní jẹ́ kí ẹ fi eyín gé etí rẹ̀. Níbi ìgbéyàwó kan, Adégòkè tó ń tún rédíò ṣe gbàgbé ara rẹ̀, ó fún kọ́ọ̀pù tirẹ̀ pọ̀ mọ́wọ́, ó sọ ọ́ nù.

Màmá ní, "Adégòkè, bí wọ́n bá fún ọ ní àwo jẹun, ṣé wàá fọ́ ọ?"

"Màmá, ẹ má bínú, bébà ni."

"Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fún ọ pé o kọ́ṣẹ́, ṣé kì í ṣe bébà ni? Lọ mú un wá kí n rún un."

Adégòkè lọ mú kọ́ọ̀pù náà nílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án, ó tún kúnlẹ̀ nígbà tó ń gbé e fún un.

Bó bá kó wọn délé, á fi omi ṣan wọ́n, á sá wọn sórí ẹní bí ẹni sá èlùbọ́. Inú pálọ̀ ni wọ́n ti ń di nǹkan. Á gé etí òmíràn sí wẹ́wẹ́, á tẹ̀ ẹ́ síta, ó di òdòdó. Á fi òwú gígùn so méjì pọ̀ nídìí, ọmọ kan á wà ní yàrá, èkejì á wà ní pálọ̀, wọn á máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Á to púpọ̀ lé ara wọn títí á fi ga bí òkè Olósùnta, á ní kí àwọn ọmọ fi ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n ká bí bọ́ọ̀lù sọ ọ́. Bí ọmọ kan bá wá sọ ọ́ lulẹ̀ tán, Màmá á fi ìbínú dìde. "Ta ló wó òkè mi? Ta ló rán ọ níṣẹ́?"

Ọmọ á ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ ní ká sọ ọ́."

"Mo ní kí ẹ sọ ọ́. Ṣé mo ní kí ó bà á?"

Ṣùgbọ́n eré tó fẹ́ràn jù ni ti èkùrọ́. Á da kọ́ọ̀pù mẹ́ta délẹ̀, á fi èkùrọ́ kan sábẹ́ ọ̀kan, á máa fi wọ́n yí ara wọn po kíákíá, á wá ní kí ẹ mú èyí tó wà níbẹ̀. Ẹ ó ṣí àkọ́kọ́, òfo. Ẹ ó ṣí èkejì, òfo. Ẹ ó ṣí ẹ̀kẹta, òfo. Níbi tí ẹ bá ti ń wo ara yín lójú lẹ ó ti máa gbọ́ "kẹ̀ù" lẹ́nu Màmá. Èkùrọ́ ti wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀, ó ti ń jẹ ẹ́.

Eré yìí kì í ṣe tuntun. Nígbà tí Ayọ̀dèjì, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wà ní kékeré, ìkarahun ìgbín ni wọ́n fi ń ṣe é lójú ẹní kan náà yẹn. Ayọ̀dèjì nìkan ló máa ń mú Màmá. Kì í ṣí ìkarahun kankan. Á kàn na ìka sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá rẹ̀, á ní, "Ẹ ya ẹnu." Ọmọ yẹn dàgbà, ó lọ s'Ékòó, ó rí iṣẹ́ gidi, ó ra mọ́tò, kò sì jókòó sórí ẹní mọ́. Bó bá wá sílé, ìdúró ló ń wà, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀, bí ẹni tó wá gba ẹrù. Màmá á tẹ́ ẹní, á to kọ́ọ̀pù mẹ́ta. "Ayọ̀, jókòó ká ta ẹyọ kan."

"Màmá, mo ń kánjú."

Ohun tí ìyá yẹn ń fẹ́ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Kò béèrè aṣọ, kò béèrè ilé. Ó fẹ́ kí ó jókòó.

Ní ìsinmi ọdún kan, Ayọ̀dèjì kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá fi sọ́dọ̀ Màmá, Ìfẹ́ ni àgbà wọn. Wọ́n dé tàwọn ti fóònù, wọn ò gbójú sókè kí ẹnikẹ́ni. Màmá gba fóònù náà, ó kó wọn sínú ìkòkò èlùbọ́, ó dé e. Bàbá wọn ń pè láti Èkó, ìkòkò ń dún, Màmá ń ta èkùrọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Ayọ̀dèjì já wọlé, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Màmá, kí ló dé tí ẹ ò gbé fóònù? Láti àná ni mo ti ń pè. Mo rò pé ẹ ti kú."

"Àbí mo gbọ́dọ̀ kú kí o tó wá? Ó dára. Káàbọ̀."

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bà á jẹ́. Ayọ̀dèjì wo kọ́ọ̀pù tó kún ilẹ̀, ó ní, "Ìdọ̀tí tí ẹ̀ ń ṣà kiri yìí ni ẹ fi ń tọ́ àwọn ọmọ mi? Ẹ jẹ́ n gbé yín lọ s'Ékòó, kí ẹ sinmi, kí wọ́n wo orúnkún yín."

Màmá kò pariwo, ìgbà yẹn ló yẹ kí ẹ̀rù bà yín. Ó ní, "Ayọ̀dèjì, jókòó."

"Màmá, mo ń kánjú."

"Máa lọ. Ẹsẹ̀ mi ò ní kan mọ́tò rẹ títí ìdí rẹ á fi kan ẹní mi. Ọmọ Èkìtì ni mí, o mọ̀ pé n kì í yẹ̀."

Kò sì yẹ̀. Nígbà tí orúnkún rẹ̀ wá le, Ayọ̀dèjì wá láti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn l'Ádó. Màmá wo mọ́tò, ó wo ọmọ, ó wo ẹní. Ayọ̀dèjì náà gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí agídí ìyá náà ni ọmọ gbé wáyé. Màmá ránṣẹ́ pe Fámúrewá ọlọ́kadà. Ó gun ọ̀kadà láti Ìkẹ́rẹ́ dé Adó, ó fi gèlè di etí, mọ́tò ọmọ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn wọ́ọ́rọ́wọ́, iná ń tàn pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá ojú ọ̀nà rò pé ìyá gómìnà kan ni, wọ́n kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Màmá náà juwọ́ sí wọn.

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ń bí èèyàn nínú bí èèyàn bá rò ó dáadáa. Ẹní kò jìnnà. Ẹní kò ga. Kí ló lè ná ọkùnrin láti tẹ orúnkún méjì?

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni Màmá kú, lórí àga rẹ̀. Ẹní ṣì wà ní títẹ́ níwájú rẹ̀.

Ayọ̀dèjì dé láti Èkó pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ. Kò sunkún. Ó ń pàṣẹ. Ó ní àlejò ìsìnkú á pọ̀, kí wọ́n kó gbogbo kọ́ọ̀pù tó wà ní pálọ̀ sẹ́yìnkùlé, kí wọ́n dáná sun ún. Adéfúnkẹ́, aládùúgbò wọn, sọ fún un lójúkojú pé, "Bọ̀dá Ayọ̀, ìyá yín ò tíì wọlẹ̀ tí ẹ ti fẹ́ pa á lẹ́ẹ̀kejì." Ayọ̀dèjì gba àwọn géńdé méjì síṣẹ́, ó ní kí wọ́n wọlé kó wọn.

Àwọn géńdé dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n dúró. Kọ́ọ̀pù mẹ́ta ti wà ní síso rọ̀ sókè ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú ojú àti eyín. Ọ̀kan yí padà, ó ní, "Ọ̀gá, a ò ṣe mọ́. Àálè wà níbẹ̀."

Inú bí Ayọ̀dèjì. "Ta ló so èyí?"

"Èmi ni," Ìfẹ́ dáhùn láti inú pálọ̀.

"Tú u sílẹ̀."

"Dádì, àálè kì í mú ẹni tí kò jalè. Màmá ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wọlé bí ẹ ò bá jí nǹkan kan."

Ayọ̀dèjì wo àwọn kọ́ọ̀pù náà lójú, wọ́n sì ń wo òun náà. Ó tẹrí ba sábẹ́ wọn, ó wọlé. Ìfẹ́ wà lójú ẹní, ó ti da kọ́ọ̀pù mẹ́ta mìíràn délẹ̀ síwájú. Òun náà ti gba ìbínú ilé yẹn, ẹ óò rí i lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jókòó."

Ẹnu ọkùnrin náà ti ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ sọ pé òun ń kánjú. Kò sọ ọ́. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sílẹ̀, ó jókòó sórí ẹní ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò òyìnbó rẹ̀. Ìfẹ́ yí kọ́ọ̀pù po, ó dúró. Ayọ̀dèjì ṣí ọ̀kan, òfo. Ó ṣí èkejì, òfo. Ó ṣí ẹ̀kẹta, òfo. Gbogbo wa gbọ́ ọ: "kẹ̀ù."

Ayọ̀dèjì fò dìde lórí orúnkún rẹ̀, ó na ìka sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀, ó sì fi ohùn tí à ń gbọ́ láti ilé dé ilé lágbègbè yẹn kígbe: "Olè ojúmọmọ! Ya ẹnu rẹ!"

Ohùn Màmá ni. Ohùn Màmá gan-an, kò dín, kò lé. Adéfúnkẹ́ bú sẹ́rìn-ín, gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, Ayọ̀dèjì náà rẹ́rìn-ín títí, ó wá bo ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ sórí ẹní, kò gbé e sókè bọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Wọ́n jẹ́ kí ó jókòó.

Wọn ò sun kọ́ọ̀pù kankan. Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí wọ́n ń padà s'Ékòó, Ìfẹ́ sáré lọ ṣí ilẹ̀kùn iwájú mọ́tò. Ó bá kọ́ọ̀pù mẹ́ta lórí ìjókòó, bàbá rẹ̀ ti fi bẹ́líìtì dè wọ́n.

"Dádì, ibo ni kí n jókòó sí?"

Ayọ̀dèjì ò wo ẹ̀yìn. Ó fi ìbínú dáhùn, "Bọ́ sẹ́yìn jàre. Àgbàlagbà ló ń jókòó níwájú."