Àkàrà Inú Ìwé Bàbá Mi

Bí òórùn àkàrà gbígbóná inú bébà bá ti kàn mí nímú l'Ágége, bàbá mi ni mo máa ń rí. Láíbìrì iléeṣẹ́ kan n'Ílúpéjú ni wọ́n ń bójú tó kí wọ́n tó dá wọn dúró. Ìwé ńlá kan ni wọ́n fi ń dáhùn ìbéèrè gbogbo àdúgbò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Mọ́mì rán mi lọ ra àkàrà fún bàbá mi. Bí wọ́n ṣe tú u, wọ́n rí ojú ewé ìwé wọn.

"Ta ló ta ìwé mi fún alákàrà?"

Mọ́mì ní, "Èmi ni. Ìwé tó mọ gbogbo nǹkan, ṣé ó mọ ibi tí oúnjẹ alẹ́ máa ti wá?"

Bàbá mi ń tẹ́ bébà olóròóró náà sórí itan wọn.

Mo ti dàgbà kí n tó rántí pé alákàrà kan wà lẹ́nu ọ̀nà wa, tí Mọ́mì ní n ò gbọdọ̀ rà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà; ọ̀dọ̀ ẹni tó ra ìwé náà gan-an ni wọ́n rán mi lọ.

Èmi ni mo jẹ àkàrà náà tán. Ó dùn.