Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Lára Ẹsẹ̀ Mọ́tò

Bí mo bá ti rí ẹni tó ń fọ nǹkan irin, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkọ mi ni mo máa ń rántí. Òun ló ń tọ́jú mọ́tò òyìnbó kan tó ń ra kòkó, nígbà tí mọ́tò ṣì ṣọ̀wọ́n n'Íbàdàn. Bí wọ́n bá ní kó kun irin ẹsẹ̀ mọ́tò náà lọ́dà kó má baà dógùn-ún, á kọ́kọ́ fi yanrìn ha ìpáàrà kúrò, á fi ọṣẹ dúdú fọ erùpẹ̀ pupa dànù, á sì sá a sóòrùn. Lẹ́yìn náà ni yóò kúnlẹ̀, tí yóò gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé irin náà. Bó bá ṣì tutù, kò ní fọwọ́ kan ọ̀dà. Alágídí ni.

Dírẹ́bà a máa pariwo: "Bàbá, ẹ kùn ún, ọ̀gá ń dúró!"

"Ẹni tó kun ọ̀dà lé ọ̀rinrin, egbò ló faṣọ bò. Bó o bá ń kánjú, fẹsẹ̀ rìn."

Nígbà tí ọkọ mi kú, inú yàrá wa l'Ọ́rànyàn ni wọ́n sin ín sí. Nígbà tí àwọn obìnrin ilé gbé ìgbẹ́ màlúù dé láti fi pa ilẹ̀ ojú oórì náà kó lè dán, mo ní, "Ẹ dúró ná." Mo kúnlẹ̀, mo gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e.

"Kò tíì gbẹ," ni mo wí fún wọn.

Títí dòní, ẹnikẹ́ni ò tíì pa ilẹ̀ yẹn. Ojoojúmọ́ ni mo ń gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e, ojoojúmọ́ ló sì ń tutù. Omijé mi ni kò jẹ́ kó gbẹ.