Baṣé Tí A Rà Nítorí Ìyá Mi

Èmi fẹ́ràn ohun ńlá, n kò ní purọ́. Ìkòkò ńlá, bẹ́ẹ̀dì ńlá, ọkùnrin tó bá wọlé tí gbogbo ilé á mọ̀ pé èèyàn wọlé. Ọkọ tí mo wá fẹ́ rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ohùn rẹ̀ kì í sì í jáde, àmọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Nítorí náà, nígbà tí baṣé wa àtijọ́ kú sójú ọ̀nà Takon, tí mẹkáníìkì ṣí iwájú rẹ̀ wò, tó tún pa á dé, tó kàn mirí, mo ti mọ irú èyí tí mo fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀. Baṣé ni àwa máa ń pe ọkọ̀ tó ní ilé níwájú, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ẹrù.

Pobè ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Takon ni ìyá mi wà, níbi tí òun àti ìyàwó àbúrò mi ti ń yan gàrí. Bí ọjọ́ ọjà Sakété bá pé, ọkọ mi á wa baṣé lọ síbẹ̀ láàárọ̀, a ó kó gàrí, a ó kó ìyá mi, ó di ọjà. Ìyá mi ti ń ta gàrí ní Sakété kí wọ́n tó bí mi. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n pọ̀n mí sí tí mo fi mọ ojú ọjà náà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí baṣé ti kú, ọkọ̀ akẹ́rù la ń háyà, àwọn gíga wọ̀nyẹn tí wọ́n ń gùn bí ẹni ń gun ọ̀pẹ. Orúnkún ìyá mi kò gbà á. Gàrí rẹ̀ ń lọ sọ́jà, òun ń jókòó sílé, ìyàwó àbúrò mi ló ń bá a tà á.

Ẹni tí kò bá mọ Sakété lè ní kí ló burú níbẹ̀, ṣebí owó ń wọlé. Ó burú o. Ìsọ̀ ní ìlà àwọn oní-gàrí, ìdí lèèyàn fi ń dì í mú. Bí o kò bá wá, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ á kọ́kọ́ gbé apẹ̀rẹ̀ síbẹ̀. Bó bá yá, á gbé àpótí síbẹ̀. Bó bá tún yá, òun fúnra rẹ̀ á jókòó, kò sì sẹ́ni tó máa bá a wí, torí kò jalè. Obìnrin kan tó ń ta àgbàdo ti gbé àpótí tirẹ̀ sí ìsọ̀ ìyá mi. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé àwọn èèyàn kò bi wá mọ́ pé ìgbà wo ni Màmá ń bọ̀. Ohun tí wọ́n ń bi wá ni pé ṣé à ń tọ́jú wọn dáadáa. Ìyàwó àbúrò mi lọ sọ fún ìyá mi. Ìyá mi ní, "Wọ́n ti sọ mí di ẹni tí wọ́n ń tọ́jú." Lọ́jọ́ yẹn, kò jẹun alẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ṣe di kánjúkánjú nìyẹn. Ọkùnrin Nàìjíríà kan wà lẹ́bàá ọ̀nà Porto-Novo, ní ìparí ìlú Sakété, Àlàájì tó ń ta ọkọ̀ tokunbọ̀. Baṣé méjì ló kù nílẹ̀ nínú ọgbà rẹ̀. Ọ̀kan dúdú, ó fẹ̀, imú rẹ̀ ga débi pé bí mo dúró níwájú rẹ̀, n kò rí ọkọ mi tó wà lódìkejì. Ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, gbogbo gàrí Takon ni yóò gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìkejì funfun, ó mọ níwọ̀n, ilẹ̀kùn mẹ́rin, ẹ̀yìn rẹ̀ kúrú. Àlàájì sọ pé dúdú náà lọkọ̀ ọlọ́lá, ọkàn mi sì yó. Ọkọ mi lọ tẹ̀ba sábẹ́ funfun, ó ń wo ìsàlẹ̀ rẹ̀.

A fà á, a fà á. Ọkọ mi ní kí n rántí oko ẹ̀gẹ́ wa ní Ahoyéyé, ẹrẹ̀ dúdú tó wà níbẹ̀ nígbà òjò, pé bí ọkọ̀ ńlá yẹn bá rì, àwa àti ta ni yóò fà á? Ó ní esáńsì, epo tí yóò máa mu, kò kéré. Mo ní kí ó fi ẹrẹ̀ sílẹ̀, òjò kì í rọ̀ títí ọdún. Mo ní bí kékeré yẹn bá lọ lẹ́ẹ̀mejì tí ńlá lọ lẹ́ẹ̀kan, esáńsì ta ló pọ̀ jù? Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì kò pààyàn. Mo ní ìránù kò pààyàn náà. Aládùúgbò wa, tó máa ń wọ sùtánà funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láìwọ bàtà, gbè sẹ́yìn mi. Ó ní ọkọ̀ ńlá ló dára, pé gbogbo ẹgbẹ́ akọrin wọn á lè bá a lọ sí Porto-Novo nígbà ìkórè. Ọkọ mi bi í bóyá òun náà ń bá wa dá owó ọkọ̀.

Àlàájì ṣèèyàn. Ó ní kí a mú dúdú lọ sọ́jà lẹ́ẹ̀kan, kí a fi dán an wò. Áà, mo wọlé níwájú, kílímà ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sí mi lẹ́sẹ̀, àwọn ọlọ́kadà tí à ń pè ní zẹ́míjàn ń yà fún wa lọ́nà. A dé Takon, àwọn èèyàn jáde wá wò ó. Ìyá mi ti wọ aṣọ ọjà rẹ̀, ó ti wé gèlè. Gbogbo gàrí wọlé, àyè sì kù. Mo wo ọkọ mi, pé ṣé o rí i. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí ilẹ̀kùn iwájú fún ìyá mi.

Ibi tí ó yẹ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ ga ju orúnkún rẹ̀ lọ. A gbé àpótí sílẹ̀, ó gun àpótí, kò tó. Mo wọlé lódìkejì, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ń fà á, ìyàwó àbúrò mi ń tì í láti ìsàlẹ̀. Ọkọ mi dúró sójú kan, ó ń wo ọ̀run, nítorí kí ni kó ṣe? Ọkùnrin kì í gbá ìyá ìyàwó rẹ̀ níbàdí mú. Níbi tí a ti ń fà tí a ti ń tì, ìró ìyá mi tú. Àwọn tó wá wo ọkọ̀ sì wà níbẹ̀. Ìyá mi sọ̀kalẹ̀ lórí àpótí, ó rọra ró aṣọ rẹ̀, kò bínú, kò wo ẹnì kankan. Ó ní kí a máa lọ, pé ọjà ti ń kún. Ó bá padà wọ inú ilé lọ.

Inú kílímà yẹn ni mo ti sunkún dé Sakété. Ọjà tà, gbogbo èèyàn ń yin ọkọ̀. Ọkùnrin kan tó ti ń ra gàrí lọ́wọ́ ìyá mi tipẹ́ wá bi mí bóyá èmi ni mo jogún ìsọ̀ náà. Orí mi gbóná. Mo bi í pé ṣé ẹni tó wà láàyè ni wọ́n ń jogún rẹ̀ nílé tiwọn. Ó bẹ̀ mí, mo gbà, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lára mi. Nígbà tí a ń dá ọkọ̀ padà, èmi ni mo kọ́kọ́ lanu sọ pé kí a wo funfun. Ọkọ mi kò sọ pé ṣebí òun ti sọ. Ì bá sọ ọ́, ìbá sàn fún mi.

Bí mo bá ti wá gbé nǹkan sórí, mi ò kì í gbé e ní ìdajì. Mo lọ sí Takon, mo fi ẹsẹ̀ mi wọn gíga bẹ́ẹ̀dì ìyá mi. Mo padà dé ọgbà Àlàájì, mo fi ẹsẹ̀ kan náà wọn àga iwájú ọkọ̀ funfun. Ó ga ju bẹ́ẹ̀dì lọ díẹ̀, àmọ́ irin ìtẹ̀sẹ̀ wà níbẹ̀, irin ìdìmú wà lókè. Mo wọlé, mo jáde, mo wọlé, mo jáde, mo ń ṣe bí ẹni tí orúnkún ń dùn. Àlàájì bi ọkọ mi bóyá ara mi yá. A rà á. Mo wá aṣọ tó rọ̀ tẹ́ sórí àga iwájú, mo sì sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé èmi ni mo mọ bí ìyá mi yóò ṣe dé ọjà.

Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, a ti wà ní Takon kí oòrùn tó mú. A di gàrí sẹ́yìn, ó kún, ó kù díẹ̀ tí a ní láti padà wá kó. Ìyá mi jáde síta. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ kí i. Èmi ti ṣí ilẹ̀kùn iwájú sílẹ̀ gbayawu, mo di í mú bí ẹ̀ṣọ́ ààfin. Ìyá mi kí mi, ó wo inú rẹ̀, ó ní ó dára. Ó bá gba iwájú mi kọjá.

Ó ń fọwọ́ pa ara ọkọ̀ náà lọ títí ó fi dé ẹ̀yìn. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣì wà ní títẹ́ sílẹ̀ bí pákó. Ìyá mi kọ ẹ̀yìn sí i, ó jókòó lé e bí ẹni jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó kó ìró rẹ̀ jọ, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó gbé èkejì. Ó wá fi ìdí wọ́ dé ìdí àwọn àpò, ó fẹ̀yìn tì wọ́n. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án.

Mo ní, "Màmá, iwájú la ṣe fún yín."

Ó wò mí. "Ẹrù mi wà lẹ́yìn. Bí mo bá jókòó níwájú, wọ́n á ní mo wá kí ọjà."

Mo bẹ̀rẹ̀ àròyé, eruku, gbágungbàgun ọ̀nà, oòrùn. Ó bi mí bóyá èmi ni mo bí òun. Ọkọ mi ti ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó ní òun á rọra wà á. Ìgbà yẹn ni ojú mi wá là. Ṣé èmi tí mo dàgbà sórí àpò gàrí ló yẹ kí n gbàgbé? Bí ọkọ̀ gàrí bá ń wọ Sakété, àwọn oníbàárà kì í wo ẹni tó wà níwájú rárá. Orí àpò ni wọ́n ń wò. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ló ni ọjà, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ di etí aṣọ rẹ̀ mú ni oní-gàrí yóò kọ́kọ́ dá lóhùn. Mo ti ń jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi pẹ́ jù. Gbogbo bí mo ṣe ń fẹsẹ̀ wọn àga, n kò wo ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yìn ọkọ̀ dúdú yẹn, àyà ni yóò kan ìyá mi, kò ní lè jókòó lé e. Ọpẹ́ ni mo ń dá nínú ọkọ̀, ọkọ mi sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ojú ọ̀nà.

Wọ́n ti rí i láti òkèèrè. Kí ọkọ̀ tó dúró, ọwọ́ ti wà létí aṣọ rẹ̀, ọkùnrin tó bi mí lọ́rọ̀ ogún yẹn ló sì kọ́kọ́ dì í mú. Ìyá mi kò tíì sọ̀kalẹ̀ tó ti ń kọ iye tí ọkùnrin náà pè, tó ń sọ fún un pé gàrí yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tó rà ní ọjà tó kọjá. Ìlà àwọn oní-gàrí dàrú, wọ́n ń kí i, wọ́n ń bú u pé ó pẹ́. Obìnrin alágbàdo gbé àpótí rẹ̀ kúrò láìjẹ́ pé ẹnì kan sọ̀rọ̀. Ìyá mi béèrè àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì jókòó. Inú mi dùn débi pé mo lọ ra àgbàdo tí n kò nílò lọ́wọ́ obìnrin náà.

Gàrí tán kí oòrùn tó wọ̀. Èmi tí mo ti kọ́ ẹ̀kọ́, mo sáré lọ tẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀, mo tẹ́ ẹní síbẹ̀ fún ìyá mi. Ó dé, ó wo ẹní, ó wo ojú mi, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rìn lọ síwájú, ó fúnra rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn, ó di irin mú, ó tẹ ìtẹ̀sẹ̀, ó wọlé.

Ó ní, "Mo ti tà á tán. Kí ni mo tún fẹ́ máa ṣe lẹ́yìn?"

Mo lọ jókòó sí àga tó wà lẹ́yìn tirẹ̀. Ọkọ mi tan kílímà, ìyá mi ní kó dín in kù. Ó tú gèlè rẹ̀, ó na ẹsẹ̀. Kí a tó kúrò ní Sakété, ó ti dijú, mo rò pé oorun ti gbé e lọ.

Ó ní, "Ní ọjà tó ń bọ̀, ẹ tètè dé. Ẹ pẹ́ lónìí."