Bí Nọ́fíù Ṣe Díye Lé Ọkọ̀ Alhaji Múdàṣírù

Mo fi ewú orí mi búra, mo sì fi eyín mẹ́fà tó ṣẹ́kù sí mi lẹ́nu kún un: gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ yìí ló ṣẹlẹ̀, ó sì ṣojú mi kòrókòró. Túndùn ọmọ mi ti bẹ̀ mí pé kí n má fi iyọ̀ sí i. Iyọ̀ kẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú ọ̀rọ̀ Nọ́fíù ti níyọ̀ tó.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ọkùnrin náà hàn yín. Ọmọ Ìbàdàn ni Nọ́fíù, ṣọ́ọ̀bù táyà kan ní Langley Park, ní Maryland nílẹ̀ Amẹ́ríkà níbí, ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí òórùn rọ́bà àti òórùn ẹran yíyan àwọn ará El Salvador ti máa ń dàpọ̀ mọ́ra. Kò ga, ṣùgbọ́n ó fẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ kan tó odidi búrẹ́dì. Iṣẹ́ panel beater ló kọ́ nílé, ìyẹn àwọn tó máa ń fi òòlù tún ara ọkọ̀ tó ti tẹ̀ ṣe, àmọ́ kì í ṣe ara ọkọ̀ nìkan ló ń lù. Lọ́jọ́ kan ní Ìwó Road, àwọn kọ̀ndọ́ ọkọ̀ èrò mẹ́ta bú ìyá rẹ̀. Ó lu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ọ̀kan sùn sínú gọ́tà, ọ̀kan gun orí òrùlé, ẹnì kẹta ṣì ń sá lọ títí dòní. Àwọn náà fi igo fá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí òsì, àpá ibẹ̀ sì dà bí ẹnu tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Nígbà tó dé Maryland, òtútù mú un lẹ́sẹ̀, òtútù mú un létí, ṣùgbọ́n kò rí inú fùfù rẹ̀ pa.

Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin kan tutọ́ sí i lára nílé epo, nítorí ibi tí àwọn méjèèjì fẹ́ gbé ọkọ̀ sí. Ẹ̀ṣẹ́ ẹyọ kan ni Nọ́fíù gbá a. Àgbọ̀n ọkùnrin náà yẹ̀, ó wá ń fì bí ilẹ̀kùn tí ìdè rẹ̀ ti já. Kóòtù Upper Marlboro ni ọ̀rọ̀ náà dé. Adájọ́, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń wo èèyàn láti òkè gíláàsì ojú rẹ̀, ní òun kò ní jù ú sẹ́wọ̀n, àmọ́ bó bá tún gbé ọwọ́ sókè sí ẹnikẹ́ni kí àkókò tí òun dá fún un tó pé, ààrin àwọn ẹlẹ́wọ̀n ni yóò ti máa jẹun.

Humaira, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Nọ́fíù bí, jókòó lẹ́yìn níbẹ̀, ó ń sunkún. Wọ́n ti dá ọjọ́ yìgì rẹ̀. Bí bàbá bá wà lẹ́wọ̀n, ta ni yóò fa ọmọ lé ọkọ lọ́wọ́?

Láti ọjọ́ náà, bí inú bá ti ń bí Nọ́fíù, ńṣe ló máa ń ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò ṣòkòtò. Ẹ óò sì máa gbọ́ bí ìka rẹ̀ ṣe ń ró nínú àpò bíi gúgúrú lórí iná.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn tí Alhaji Múdàṣírù, ọ̀rẹ́ mi, fi kú ní Glenarden. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Alhaji, oníṣirò owó, ẹni tó máa ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àga tó bá fẹsẹ̀ kọ. Ṣùgbọ́n ó ní àrùn kan: Toyota Supra ọdún 1989, ọkọ̀ spọ́ọ̀tì onílẹ̀kùn méjì, pupa bí ata rodo. Ó ń gbé e lọ síbi iṣẹ́, ó ń gbé e lọ sí mọ́ṣáláṣí, ó tilẹ̀ fi gbé àgbò iléyá lẹ́ẹ̀kan, orí àgbò yọ lójú fèrèsé. Máìlì tó ti rìn lé ní ọ̀kẹ́ mẹ́wàá. Ká ní ọ̀nà wà lórí òkun ni, ì bá ti lọ sí Mẹ́kà títí àwọn aṣọ́bodè ibẹ̀ yóò fi mọ̀ ọ́n lórúkọ.

Wọ́n fẹ́ pín ogún. Ìmáàmù ní kí wọ́n díye lé gbogbo nǹkan ná. Kò sẹ́ni tó jà lórí ilé, kò sẹ́ni tó jà lórí owó báńkì. Supra yìí ni wàhálà. Alhaji bí ọkùnrin méjì: Rídwàn ni ẹ̀gbọ́n, Anwar ni àbúrò. Anwar fẹ́ mú ọkọ̀ náà, kó sì san ìpín àwọn tó kù fún wọn. Nítorí náà, ó wù ú kí iye rẹ̀ kéré. Rídwàn kò fẹ́ ọkọ̀, owó ló fẹ́, ó sì ti rí irú rẹ̀ lórí fóònù, tí wọ́n ń tà á ní ogójì ẹgbẹ̀rún dọ́là. Mo bá a wò ó. Èyí tó rí kò tíì rin ìrìn kankan, inú gíláàsì ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí bí ìyàwó ọba. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní, "Grandpa, ẹ ò mọ̀ nípa cars."

Èmi ni mo ní kí wọ́n pe Nọ́fíù. Gbogbo wọn gbà.

Àárọ̀ Sátidé ni, Túndùn ló fi ọkọ̀ gbé mi lọ. Anwar gbé àga àti ife tíì fún mi ní ẹ̀gbẹ́ gáréèjì. Alhaja Mùlíkàt, ìyá wọn, wà lẹ́yìn fèrèsé. Opó ló ń ṣe, kò tíì fẹsẹ̀ kan ìta láti ọjọ́ ìsìnkú. Ní òdìkejì títì, àwọn akọrin ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ibẹ̀ lọ fún ìdánrawò.

Nọ́fíù bẹ̀rẹ̀. Ó fi egungun ìka kan ara ọkọ̀ náà káàkiri, ó dẹ etí sí i. Nígbà tó dé ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, ìró rẹ̀ yí padà.

"Pọ́tì tí wọ́n fi ń dí ojú ibi tó tẹ̀ wà níbí, Bàbá. Wọ́n ti gbá a rí."

Ó dùbúlẹ̀, ó wo abẹ́. Iyọ̀ tí ìjọba máa ń dà sójú títì nígbà yìnyín ti jẹ irin ibẹ̀ bí ikán. Ó ṣíná sí i, èéfín aláwọ̀ búlúù yọ: ẹ́ńjìnnì ti ń mu ọ́ìlì. Jíà kejì ń kùn. Iná iwájú rẹ̀ jẹ́ irú èyí tó máa ń yọ jáde láti inú bọ́nẹ́ẹ̀tì: ọ̀kan gbé ojú sókè, èkejì kọ̀, ọkọ̀ náà wá ń ṣẹ́jú sí wa bí ọmọkùnrin tó ń dẹnu kọ obìnrin. Síbẹ̀, ẹ́ńjìnnì tó bá a wá láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ṣì wà níbẹ̀, ìjókòó rẹ̀ kò ya, kò sì sẹ́ni tó dá máìlì rẹ̀ padà sẹ́yìn.

Nọ́fíù sọ ọ́ sí mi létí wúyẹ́wúyẹ́. "Ẹgbẹ̀rún méje, Bàbá. Kò ju bẹ́ẹ̀, kò dín."

Ẹ fọkàn sí ibi tí wàhálà ti wọlé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti nájà rí mọ̀ pé bí wọ́n bá ní kéèyàn díye lé nǹkan láàárín ẹni méjì, kì í fi òótọ́ bẹ̀rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ló ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kó wọ́n á pariwo, á ní kí wọ́n gba òun, á ṣe bí ẹni ń bínú lọ. Wọn á fà á láṣọ padà. Wọn á máa gòkè díẹ̀díẹ̀, títí ẹ̀rín á fi dé, kálukú á sì rò pé òun ló jẹ. Bí wọ́n ṣe tọ́ Nọ́fíù nìyẹn. Ó ti gbàgbé pé agbègbè Prince George's níbí ni wọ́n ti tọ́ àwọn ọmọ yìí, níbi tí wọ́n ti máa ń lẹ iye mọ́ ara tòmátì.

Ó na ara, ó tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe. "Ẹgbẹ̀rún méjì."

"Deal!" Anwar ti na ọwọ́. "Ẹ ṣé, sà. Mo gbà."

Ẹnu Nọ́fíù là sílẹ̀. "Kí lo gbà? Ta ló ní kó o gbà? Ẹ̀gbọ́n rẹ kò tíì pariwo!"

"Two thousand lẹ sọ, sà."

"Mo sọ ọ́ kẹ́ ẹ lè gbé e sókè ni! Rídwàn, pariwo! Bú mi! Sọ pé orí mi ti yí! Sọ pé ogójì!"

Rídwàn kò pariwo. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Uncle Nọ́fíù, èló ló fún yín?"

"Ta ni?"

"Anwar. Èló ló fún yín kẹ́ ẹ lè sọ ọkọ̀ Daddy di ìdọ̀tí?"

Anwar rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bà á jẹ́. "Kò mọ bí wọ́n ṣe ń pàdánù, sà. Bó ṣe máa ń ṣe láti kékeré nìyẹn."

Ẹ̀ṣẹ́ Rídwàn bà á lẹ́nu. Eyín kan fò jáde, ó ré kọjá orí mi, ó ṣẹ́rí padà, ó sì já sínú ife tíì mi. Mo rí i bó ṣe ń rì. Anwar fi orí kan ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nímú, imú náà fọ́ bí tòmátì tí èèyàn tẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ bo jalàbíà funfun dé ìdodo. Wọ́n dì mọ́ra, wọ́n ń yí lórí koríko, wọ́n ń gé ara wọn jẹ. Àwọn akọrin dúró sí òdìkejì, ẹnu wọn là sílẹ̀ láìkọrin.

Rídwàn kọ́kọ́ dìde. Nọ́fíù ti ṣí búùtù sílẹ̀, wíìlì sípánà sì wà nínú rẹ̀. Rídwàn fà á yọ. Ó sọ ọ́ lé Anwar léjìká, egungun ró bí igi gbígbẹ, Anwar ṣubú, ó ń ké bí ọmọ ọwọ́. Rídwàn tún gbé e sókè. Orí ló ń wò lọ́tẹ̀ yìí.

Nọ́fíù bọ́ sáàárín wọn. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nínú àpò.

Sípánà bà á lórí. Ẹ̀jẹ̀ ya wọ inú ojú rẹ̀. Kò mira.

"Ẹ kúrò níbẹ̀!" ni Rídwàn ké.

"Mi ò kúrò."

Rídwàn tún sọ ọ́ lé e léjìká. Mo gbọ́ tí ìka Nọ́fíù ń ró, mo gbọ́ tí àpò ṣòkòtò ya fàà. Ọwọ́ náà jáde. Mo di ojú mi, mo ní Rídwàn ti lọ, mo sì ń wá irú àdúà tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tí wọ́n lù pa.

"Humaira," ni Nọ́fíù wí lábẹ́lẹ̀.

Ó já sípánà gbà bí ẹni já ṣúgà gbà lọ́wọ́ ọmọdé. Ó yí ẹ̀yìn sí Rídwàn. Ó sì sọ sípánà lu gíláàsì iwájú Supra.

Ẹ̀yin ará, mo ti rí ìjà, mi ò rí irú ìyẹn rí. Ó lu iná tó ń ṣẹ́jú títí ojú náà fi dí pátápátá. Ó lu bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó lu ilẹ̀kùn, ó lu dígí ẹ̀gbẹ́ títí ó fi fò lọ sọ́dọ̀ àwọn akọrin. Gbogbo ẹ̀ṣẹ́ tó ti wà nínú àpò láti ọjọ́ kóòtù ló ná tán sára irin náà. Bó ṣe ń lù ú ló ń ké: "Ṣé nítorí èyí? Ṣé nítorí èyí lẹ fẹ́ pa ara yín?"

"Ọkọ̀ Daddy!" Àwọn méjèèjì ló ké e papọ̀. Rídwàn so mọ́ ọn nídìí, Anwar fi ọwọ́ kan tó ṣì dára so mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n rọ̀ mọ́ ọn lára bí ẹni ń fa màlúù. Nọ́fíù ju sípánà sílẹ̀.

Ọlọ́pàá ti dé. Ìbọn wà lọ́wọ́ wọn. Nọ́fíù kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ sẹ́yìn orí, ẹ̀jẹ̀ ń kán láti àgbọ̀n rẹ̀. Bí wọ́n bá lè tẹ orúkọ rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, tí ẹnì kan bá sì ní Nọ́fíù ló lu òun, ẹ̀wọ̀n ti dé nìyẹn.

"Who did this?"

Ilẹ̀kùn ilé ṣí. Alhaja Mùlíkàt jáde nínú aṣọ opó rẹ̀, ó sì rìn lórí gíláàsì tó fọ́ títí ó fi dúró ti Nọ́fíù.

"It is my husband car. Èmi ni mo ní kó fọ́ ọ. I told him, break it."

"Ma'am, why?"

"Because it is mine."

"And these men? Who hit them?"

Alhaja yíjú sí Rídwàn nìkan, ó sì ń wò ó. Kò bú u. Ì bá sàn kó bú u.

"Me," ni Rídwàn wí, ẹ̀jẹ̀ imú ń wọ̀ ọ́ lẹ́nu. "I hit my brother. I hit Uncle too. He never touched anybody."

Wọ́n dè é lọ́wọ́. Àtìmọ́lé ló sùn. Nígbà tó jáde, Anwar ló wà lẹ́nu ọ̀nà, apá rẹ̀ kọ́ sí ọrùn, kò léyín níwájú. Wọ́n jọ padà sí Glenarden. Àwọn méjèèjì ti ọkọ̀ náà wọ gáréèjì, apá mẹ́ta ni wọ́n fi tì í. Kò sẹ́ni tó tún bèèrè iye rẹ̀.

Nọ́fíù lọ síbi yìgì. Báńdéèjì orí rẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí fìlà kò fi wọ̀ ọ́, ó kàn gbé fìlà lé e lórí bí ẹyẹ. Ó fa Humaira lé ọkọ lọ́wọ́. Ọkọ wo ọwọ́ àna rẹ̀, ó gbé itọ́ mì, ó ní òun yóò tọ́jú ọmọ náà dáadáa, sà, wallahi, sà.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn, àfi ohun kékeré kan tí mo fi kún un. Ọkọ̀ náà kì í ṣe pupa. Àwọ̀ eérú ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà gbọ́ pé wọ́n ja irú ìjà yẹn lórí ọkọ̀ aláwọ̀ eérú? Òótọ́ ni ti eyín inú tíì, ẹ bi Túndùn. Òun ló fọ ife náà.