Àyè Orúkọ Kò Gbọdọ̀ Ṣófo

Ogún ọdún ni Bọ́látitó ti ń tọ́jú àkọsílẹ̀ nílé ìwòsàn kan n'Ílé-Ifẹ̀. Òun ló kọ òfin bí ilé ìgbẹ̀bí tó wà ní Ẹdúnàbọ̀n yóò ṣe máa fi àkọsílẹ̀ ọmọ tuntun ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà wọn: ọmọ kan, ìlà kan, kọ́mà láàárín. Àyè orúkọ kò gbọdọ̀ ṣófo.

Ta ní ń sọmọ lórúkọ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i? Nọ́ọ̀sì Ẹdúnàbọ̀n kọ "Ìkókó" fún gbogbo wọn. Kọ̀ǹpútà, tó ń fi orúkọ dá ọmọ mọ̀, sọ ọmọ mọ́kànlá di ẹyọ kan. Ìyá kan ṣoṣo ni wọ́n ránṣẹ́ pè fún abẹ́rẹ́ àjẹsára.

"Ẹ̀yin lẹ ní kò gbọdọ̀ ṣófo, mà," ni nọ́ọ̀sì wí.

Òun náà ti sin ọmọ ọjọ́ mẹ́rin rí, tí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ò tíì pé. Kí ni òun ìbá kọ síbẹ̀?